Ìgbákọ Ẹ̀wà Méjì fún Bàbá Mi

Iṣẹ́ ìwọ̀n ni mo fi ń jẹun. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ kọ́lé ní Amùwò-Ọ̀dọ̀fin, yálà ní Kuje tàbí lápá Abúlé Adó lọ́hùn-ún, irú wa ni wọ́n ń pè kí a wá ṣírò iye búlọ́ọ̀kù tí ilé náà yóò gbà, iye àpò símẹ́ǹtì, iye típà yanrìn. Mo lè dúró ti òkìtì yanrìn kí n sọ bó ṣe máa wúwo tó, kí n má sì fi bẹ́ẹ̀ tàsé. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ irú ẹni tí ẹ̀wà dójú tì. Kì í ṣe ẹni tí kò mọ ìṣirò. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ni, tó sì ń fi í ṣe fáàrí.

Bàbá mi ló ní ìtọ̀ ṣúgà. Ọdún kẹsàn-án rèé. Nígbà tí ìyá mi wà láyé, òun ló ń bójú tó oúnjẹ rẹ̀, kò sì wọn nǹkan kan rí. Á wo ojú ọkọ rẹ̀, á wo inú ìkòkò, á bu oúnjẹ, ó tán. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni mo kó ẹrù mi padà sí fúláàtì wa ní Fẹ́sítáàkì, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kìíní, nínú kúlóòsì kan tí gbogbo ilé ibẹ̀ jọra débi pé àlejò sábà máa ń kan ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn. Mo ti pé ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, mi ò tíì gbéyàwó, ohun tí mo mọ̀ nínú iṣẹ́ kíṣìnnì kò sì ju ẹyin díndín àti tíì gbígbóná lọ. Èmi àti bàbá mi wá ń wo ara wa.

Ẹ̀wà ni gbogbo ayé ń pè ní oúnjẹ onítọ̀ ṣúgà. Ẹ dé ṣọ́ọ̀ṣì wa, ẹ dé ìpàdé àwọn òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì, ohun kan náà lẹ máa gbọ́: ẹ sá fún ìrẹsì, ẹ sá fún iyán, ẹ máa jẹ ẹ̀wà. Kò sẹ́ni tó ń sọ iye tí èèyàn yóò jẹ. Bàbá mi, tí wọ́n fi ẹ̀wà tọ́ dàgbà ní Ìkìrun, fi tọwọ́ tẹsẹ̀ gba ìmọ̀ràn yẹn. Àwo tó fi ń jẹ ẹ́, ọmọ ọwọ́ lè wẹ̀ nínú rẹ̀. Yóò jẹ ẹ́ tán, yóò fọwọ́ pa ikùn, yóò ní oògùn lòun lò yẹn. Ìyá mi nìkan ló máa ń gba ìgbákọ lọ́wọ́ rẹ̀, ìyá mi kò sì sí mọ́.

Ní nǹkan bí ọdún kan sẹ́yìn, ṣúgà ara rẹ̀ ga sókè débi pé àwọn dókítà ní oògùn oníhóró nìkan kò tó mọ́, àfi kó máa gún abẹ́rẹ́ fún ara rẹ̀ kó tó jẹun. Wọ́n ní ká lọ rí ẹni tó ń mójú tó oúnjẹ àwọn aláìsàn ní ilé ìwòsàn náà. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ni, ara rẹ̀ yá mọ́ọ̀yàn, ó sì fi sùúrù bá bàbá mi sọ̀rọ̀.

“Ẹ̀wà dáa, Bàbá,” ló wí. “Àmọ́ ó níye. Ẹ̀wà sísè, gíráàmù àádọ́jọ, lọ́sàn-án. Kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì gbọdọ̀ dín. Abẹ́rẹ́ tẹ́ ẹ máa gún yẹn, ṣúgà ló ń lé kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Tí oúnjẹ bá pọ̀ jù, apá abẹ́rẹ́ ò ní ká a. Tí oúnjẹ bá kéré jù, abẹ́rẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í lé èyí tó yẹ kó kù sára yín.”

Bàbá mi yíjú sí mi. “Kí ni wọ́n ń pè ní gíráàmù?”

“Ẹ fìyẹn sílẹ̀ fún mi, sà.”

Inú rẹ̀ dùn. Ó sọ fún obìnrin náà pé iṣẹ́ ọmọ òun nìyẹn, pé ohun tí kò bá ti ṣeé wọ̀n, ọmọ òun kì í dá sí i. Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, àmọ́ orí mi wú.

Mo lọ ra òṣùwọ̀n kékeré kan tó ń lo bátìrì ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Sẹ́kọ́ǹdì Áfẹ́níù. Lọ́jọ́ kìíní, mo da ẹ̀wà sórí rẹ̀ láti inú ọ̀rá, ó di gíráàmù àádọ́jọ géérégé, mo ṣa òkúta inú rẹ̀, mo fọ̀ ọ́, mo gbé e kaná. Nígbà tó jinná, ó kún ìdajì ìkòkò. Mo gbé gbogbo rẹ̀ síwájú bàbá mi. Ó wò ó, ó wò mí, ó gbàdúrà sórí rẹ̀, ó sì jẹ ẹ́ tán. Lẹ́yìn náà ló ní obìnrin ilé ìwòsàn yẹn, èèyàn gidi ni, Ọlọ́run á fún un lọ́kọ tó dáa.

Ẹ má fi mí ṣẹ̀sín. Ẹ̀wà gbígbẹ ni wọ́n ń wọ̀n nílé wa. Kóńgò ni wọ́n fi ń tà á, agolo mílíìkì ni ìyá mi fi ń wọ̀n ọ́n sínú ìkòkò. Tó bá ti jinná, kò sẹ́ni tó ń wọ̀n ọ́n mọ́, bíbù ni wọ́n ń bù ú. Ó wà nínú ìwé tí wọ́n fún wa pé ẹ̀wà sísè, mo sì ka ìwé náà, àmọ́ ọwọ́ mi ti na ẹ̀wà gbígbẹ kí ojú mi tó kà á tán. Ọjọ́ kẹta tí a fi ẹ̀rọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, tí ṣúgà rẹ̀ tún ga sókè, ni mo tó mọ̀. Mo wọn ẹ̀wà náà kí n tó sè é, mo tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn tí mo sè é, ó ti lé ní ọ̀ọ́dúnrún gíráàmù. Omi ló mu. Ìlọ́po méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni mo ti ń fún àgbàlagbà tó ní ìtọ̀ ṣúgà.

Ojú tì mí, mo bá fi ìtìjú náà ṣe agbára. Mo mú pátákó kékeré kan tí mo fi ń kọ̀wé ní sáìtì, mo gbé e kọ́ ẹ̀gbẹ́ fíríìjì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò. Agolo mílíìkì kan ẹ̀wà gbígbẹ, bó ṣe wúwo tó. Agolo kan náà lẹ́yìn tó jinná, bó ṣe wúwo tó, iye ìgbákọ tó jẹ́. Odidi Sátidé kan ni mo fi sè é, mo sè é bí mo ṣe rí i nínú fídíò kan lórí fóònù mi, kí omi gbẹ tán lára rẹ̀, kó dì pọ̀ nínú ìkòkò. Mo bu ìgbákọ kan tó kún dé etí, mo wọ̀n ọ́n. Gíráàmù márùndínlọ́gọ́rin. Mo tún bu òmíràn. Ó wà bẹ́ẹ̀, bóyá ó fi ẹyọ kan lé. Ìgbákọ méjì, àádọ́jọ. Mo pariwo “Halelúyà” nínú kíṣìnnì débi pé bàbá mi bi mí láti pálọ̀ pé ta ló bímọ.

Ìdí tí mo fi ń wá ìgbákọ ni pé èmi kọ́ ni mo ń bu oúnjẹ ọ̀sán fún un. Mo wà ní sáìtì lọ́sàn-án, láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì. Àǹtí Ìsàlẹ̀ ló ń sè é, tó sì ń gbé e gòkè wá fún un. Bí mo ṣe ń pè é nìyẹn láti kékeré, nítorí ìsàlẹ̀ wa ló ń gbé. Aránṣọ ni, ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, ó sì ti ṣèlérí fún ìyá mi nígbà tó wà lórí ibùsùn àìsàn pé ebi ò ní pa bàbá mi. Mo gbé òṣùwọ̀n mi lọ bá a. Ó wò ó láti ibi tó jókòó sí nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

“Ẹnjiníà, ṣé góòlù lo fẹ́ máa tà ni?”

“Oúnjẹ Dádì ni, Àǹtí.”

“Ẹ̀wà lo fẹ́ gbé sórí èyí? Gbé nǹkan ẹ lọ, jàre. Sọ iye ìgbákọ fún mi, mo gbọ́ èdè ìgbákọ.”

Mo ti mọ̀ pé ohun tó máa sọ nìyẹn, mo sì ti múra. Mo ti ra ìgbákọ méjì tó jọra, ọ̀kan fún kíṣìnnì tiwa, ọ̀kan fún tirẹ̀, kí ó má bàa jẹ́ pé tirẹ̀ tóbi ju tèmi lọ. Ẹ wò ó, mo rò ó jinlẹ̀. Mo fi tirẹ̀ lé e lọ́wọ́. “Méjì géérégé, Àǹtí. Kó kún dé etí. Ẹ má dì í mọ́lẹ̀, ẹ má fi ṣe òkìtì.” Ó ní òun ti gbọ́, kí n lọ síbi iṣẹ́ mi, kí n yéé da ẹ̀wà láàmú.

Ṣé mo dúró níbẹ̀? Mi ò dúró níbẹ̀. Mo wọ kíṣìnnì tiwa, mo kó gbogbo ohun dídùn tó wà níbẹ̀ kúrò. Ṣúgà, oyin, tíì oníkókò, ohun mímu inú ọ̀rá tí ẹnì kan gbé fún wa nígbà ìsọmọlórúkọ, gbogbo rẹ̀ ni mo dì sínú báàgì kan tí mo gbé fún ọlọ́dẹ kúlóòsì wa. Mo sọ fún Àǹtí Ìsàlẹ̀, mo sọ fún obìnrin tó ní kíósìkì lẹ́nu ọ̀nà, mo sọ fún àwọn ará ilé wa lókè àti nísàlẹ̀: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fún bàbá mi ní nǹkan dídùn, bó ti wù kó bẹ̀ yín. Ohùn tí mo fi ń bá àwọn awakọ̀ típà sọ̀rọ̀ ni mo fi sọ ọ́, gbogbo wọn sì gbà.

Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kọjá. Ṣúgà tí a ń yẹ̀ wò láràárọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀ dáadáa, èmi náà ń kọ ọ́ sórí pátákó, inú mi ń dùn. Bàbá mi fọn díẹ̀, mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Ó ń sọ fún mi nírọ̀lẹ́ pé òun máa ń làágùn lọ́sàn-án, pé ọwọ́ òun máa ń gbọ̀n díẹ̀, òun á sì sùn. Mo ní ooru ni. Mo ní ọjọ́ orí ni. Ohun tó ń dùn mí jù báyìí ni pé ó sọ fún mi, mo sì wà níbẹ̀ tí mo ń dá a lóhùn, tí ojú mi wà lára pátákó.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, ó fẹsẹ̀ rìn lọ sí ìpàdé àwọn òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì ní ẹ̀yìn Kuje, ó fẹsẹ̀ rìn bọ̀. Nígbà tó dé, ó gún abẹ́rẹ́ rẹ̀, ó jẹ ẹ̀wà rẹ̀, ó lọ jókòó. Àǹtí Ìsàlẹ̀ wá gbé abọ́, ó bá a lórí ilẹ̀. Fóònù mi dún ní sáìtì. Mi ò gbọ́ ju “Dádì ẹ” àti “wá” lọ. Mo bọ́ sínú kéékè kan, mo ń bẹ onítọ̀hún kó yára, ọkùnrin náà sì yára lóòótọ́, ó gba ojú ibi tí kò yẹ kó gbà.

Èèyàn mẹ́rin ló wà ní pálọ̀ wa. Bàbá mi jókòó sílẹ̀, ó fẹ̀yìn ti àga, aṣọ rẹ̀ rin gbindin fún òógùn. Ojú rẹ̀ là, àmọ́ kò rí mi. Ó pè mí ní orúkọ àbúrò rẹ̀ tó kú sí Ìkìrun kí wọ́n tó bí mi. Obìnrin òkè wa ń gbàdúrà, ó ń fi ẹ̀jẹ̀ Jésù bo ilé. Àǹtí Ìsàlẹ̀ di ọwọ́ bàbá mi mú, ó ń sunkún.

“Ṣé ẹ ti fún wọn ní ṣúgà?” ni mo bi wọ́n. Mo ti kà á nínú ìwé ilé ìwòsàn pé bó bá rí báyìí, ṣúgà ni kí a tètè fún un.

Gbogbo wọn wò mí.

“O ní ká má fún wọn,” ni Àǹtí Ìsàlẹ̀ wí. “Ìyá kíósìkì gbé ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò wá, èmi ni mo ní kó gbé e padà. Mo ní o ti kìlọ̀.”

Mo sá wọ kíṣìnnì. Mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, mo ṣí fíríìjì, mo da agolo nù sílẹ̀. Kò sí ṣúgà. Kò sí oyin. Kò sí ohunkóhun tó dùn nínú ilé yẹn, mo ti rí sí i. Òṣùwọ̀n wà níbẹ̀, pátákó wà níbẹ̀ tí ìṣirò kún inú rẹ̀, mo dúró sáàárín wọn. Mi ò mọ bí mo ṣe pẹ́ tó níbẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó má ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ, àmọ́ bí mo bá rántí rẹ̀, ó máa ń gùn.

Mo sáré sọ̀kalẹ̀ lọ sí kíósìkì láìwọ bàtà. Ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò náà ṣì wà lórí káńtà níbi tó gbé e sí. Mo gbé e sá gòkè, a rọra ń fi í sí bàbá mi lẹ́nu, ó ṣì lè gbé e mì. Ìdajì lọ sí ẹnu, ìdajì lọ sí aṣọ. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó wò mí, ó ní, “Kí ló dé tó o ń sunkún?” Èmi kò tilẹ̀ mọ̀ pé mo ń sunkún.

A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n fa omi sí i lára, wọ́n dá a dúró di ọjọ́ kejì. Nọ́ọ̀sì bi mí pé kí ló jẹ lọ́sàn-án. Mo ní ẹ̀wà sísè, gíráàmù àádọ́jọ. Mo sọ ọ́ kíá, bí ọmọ ilé ìwé tó mọ ìdáhùn. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó wo ohun tó kọ, ó mi orí, ó ní èyí ò yé òun. Mo ní kò yé èmi náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo lọ bá Àǹtí Ìsàlẹ̀. Ẹ̀wà àná ṣì kù nínú fíríìjì rẹ̀. Ó gbé e kaná kó yọ́, ó bu ìgbákọ méjì sínú abọ́ bó ṣe máa ń bù ú fún bàbá mi, ó kún dé etí, kò dì í, kò fi ṣe òkìtì. Gbogbo ohun tí mo ní kó ṣe ló ṣe. Ẹ̀wà náà ń ṣàn nínú abọ́. Omi rẹ̀ pọ̀, omi tó dùn, tó ní àlùbọ́sà àti epo díẹ̀ lójú.

“Ẹ̀wà olómi ni, Àǹtí?”

“Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbé gbígbẹ fún wọn? Eyín wo ni wọ́n ní? Láti ìgbà tí eyín ìsàlẹ̀ yẹn ti ń mì, omi ni mo fi ń sè é, kí wọ́n lè máa fà á mu.”

Èmi ò mọ̀ pé eyín bàbá mi ń mì. Mo gba asẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo da ẹ̀wà náà sínú rẹ̀ kí omi rẹ̀ jò tán, mo gbé ohun tó kù sórí òṣùwọ̀n. Gíráàmù ọgọ́rin. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì. Ìdajì oúnjẹ ló ti ń jẹ lójoojúmọ́, lórí odidi abẹ́rẹ́, nítorí pé mo ní kí Àǹtí máa bu ìgbákọ méjì. Ní sáìtì, èmi ni mo máa ń dá típà padà bí wọ́n bá gbé yanrìn tútù wá. Mo máa ń pariwo lé wọn lórí pé omi lẹ ń tà fún mi, pé yanrìn tútù àti gbígbẹ kì í ṣe ọ̀kan náà nínú ọkọ̀ kan náà. Gbogbo awakọ̀ típà tó wà ní Amùwò mọ orin yẹn lẹ́nu mi.

Mo fẹ́ bínú sí Àǹtí Ìsàlẹ̀. Lóòótọ́, mo fẹ́ bínú, ìbínú ì bá rọ̀ mí lọ́rùn. Mo bi í pé ṣé kò rí i pé oúnjẹ náà kéré ni.

“Mo rí i,” ló wí. Ó mú etí ìró rẹ̀, ó nu ojú. “Mo sọ fún wọn ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ. Mo ní Dádì, ẹ jẹ́ n fi ìgbákọ kan kún un, kò tó yín. Wọ́n ní rárá. Wọ́n ní ebi ń pa àwọn lóòótọ́, àmọ́ ọmọ àwọn ti wọ̀n ọ́n.”

Mo bá a fọ abọ́, mo bá a fọ asẹ́, mo gòkè lọ. Mo jókòó sórí àga bàbá mi, mo sì káwọ́ lérí.

Mo pe obìnrin ilé ìwòsàn náà lórí fóònù. Mo ní kó sọ fún mi, tí mo bá sẹ́ ẹ̀wà olómi, tí mo wọ̀n ọ́n, ṣé ó parí? Ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Mo ní èyí tó wọnú ẹ̀wà gan-an ńkọ́? Nítorí ẹ̀wà olóyin tó rọ̀ dáadáa mu omi ju èyí tí kò rọ̀ tó lọ, nígbà náà gíráàmù àádọ́jọ ti òní kò ní jẹ́ oúnjẹ kan náà pẹ̀lú ti ọ̀la. Ó ní, “Ẹ ṣáà ṣe é kó súnmọ́ ọn, sà. Kò lè pé pérépéré láéláé. Kẹ́ ẹ sì máa ní ṣúgà nílé.” Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ́, kó lè tù mí nínú ni. Kò tù mí nínú. Irú iṣẹ́ tí mo ń ṣe, bí mo bá sọ fún onílé pé òpó rẹ̀ súnmọ́ ọn, wọ́n á lé mi.

Bàbá mi padà sílé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì náà, ó rọra ń di irin àtẹ̀gùn mú gòkè. Mo ti ń ro ohun tí mo máa sọ láti ilé ìwòsàn. Nígbà tó jókòó tán, mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: ẹ̀wà tèmi tó gbẹ, ẹ̀wà Àǹtí tó lómi, ìgbákọ tó jọra tí ohun inú wọn ò jọra. Mo ní èmi ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Mo ń retí kó bú mi. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ó mọ èèyàn í bú. Ó lè fi ọ̀rọ̀ ẹnu lásán mú ọ sunkún nítorí ife tó fọ́.

Ó ní kí n dìde. Ó ní, “Kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Omi ni kò jẹ́ kó hàn sí ọ.”

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi pé ebi ń pa yín, sà?”

Ó ní, “Mo rò pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.”

Mo bi í nípa eyín rẹ̀. Ó ya ẹnu, ó fi ìka ti méjì nínú wọn. Wọ́n mì lóòótọ́. Ó ti tó oṣù mélòó kan, ó ní kò wu òun láti tún fi kún ìdààmú mi, pé iṣẹ́ mi ti pọ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo sè é fúnra mi. Mo jẹ́ kó rọ̀ gan-an nítorí eyín rẹ̀, mo fi omi díẹ̀ sílẹ̀ lára rẹ̀. Mo sẹ́ ẹ, mo wọ̀n ọ́n, ó di gíráàmù àádọ́jọ. Mo gbé abọ́ náà sókè, mo tún gbé e padà, òṣùwọ̀n ní ó dín méjì. Mo tún un ṣe, ó ní ó lé mẹ́ta. Mo da omi rẹ̀ padà lé e lórí. Mo bu díẹ̀ kún un, ẹ̀rù bà mí, mo yọ díẹ̀ kúrò, ẹ̀rù tún bà mí, mo sì dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́. Bàbá mi ń pè mí láti pálọ̀ pé ṣé ó ti jinná.

Mo gbé e jáde. Ó ti ká aṣọ sókè níbi ikùn rẹ̀, ó ti fa oògùn sínú abẹ́rẹ́, ó dì í mú lọ́wọ́ ọ̀tún. Ó wo inú abọ́ náà fún ìgbà pípẹ́. Mo mọ̀ pé ojú rẹ̀ lè mọ iye ẹ̀wà tó tó o. Ó ti ń jẹ ẹ́ láti nǹkan bí àádọ́rin ọdún. Àmọ́ ojú mi ló gbé ojú sí, kì í ṣe inú abọ́ mọ́. Ó bi mí pẹ̀lú ohùn kan tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí, ohùn ẹni tó ń tọrọ àyè.

“Ṣé ó pé?”

Mi ò mọ̀. Bí mo bá sọ fún un pé mi ò mọ̀, ta ni yóò tún bi?

“Ó pé, sà.”

Ó gún abẹ́rẹ́ náà.